Òkúta Abẹ́ Mayfair Ti Dàgbà Ju Ẹranko Lọ

Ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀, kò sẹ́ni tó ráyè wo ilẹ̀. Ọlọ́kadà ń pe èrò, kẹ̀kẹ́ ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tó ń lọ sí Lágere ń bá awakọ̀ fa ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ àti ṣéńjì. Òkúta tó tẹ́ sábẹ́ gbogbo kìràkìtà yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹgbẹ́ igbó. Òkun tó wà ní Èkó pàápàá kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì tó yẹ òkúta aláwọ̀ eérú agbègbè Ifẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ń pè ní gneiss, sọ pé ó ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.8 ọdún. Nígbà tí òkúta náà kọ́kọ́ dì, kò tíì sí ẹja nínú omi, kò sí koríko lórí ilẹ̀, kò sí kòkòrò, kò sí ẹyẹ. Kò tíì sí ẹranko kankan níbikíbi láyé.

Síbẹ̀, ayé kò ṣófo. Ohun abẹ̀mí ti wà nínú omi fún ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ọdún kí òkúta Ifẹ̀ tó dé. Wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn, ṣùgbọ́n àwọn ló ni ilé ayé. Bí a bá pín gbogbo àkókò tí ìwàláàyè ti wà láyé sí ọ̀nà mẹ́fà, nǹkan bí ọ̀nà márùn-ún ló ti kọjá kí ẹranko tó yọjú. Àwa tí à ń pera wa ní onílẹ̀ yìí, àlejò àná ni wá.

Ẹni tó bá fẹ́ rí irú òkúta yìí kò nílò láti gbẹ́ kànga. Kó lọ síbi òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn kọ́lékọ́lé dà sí ẹ̀gbẹ́ títì, kó ṣa ọ̀kan, kó fi omi fọ eruku ara rẹ̀ nù. Yóò rí ìlà dúdú àti ìlà funfun tó tẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n wọ́, tí wọ́n sì ká kò níbòmíràn. Èyí tó dúdú tó sì ń kọ mànà nínú oòrùn ni mica. Èyí tó funfun tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni feldspar. Èyí tó mọ́ gaara ni quartz. Ìlà wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìnira ló fà wọ́n: ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ ló to àwọn èròjà náà lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ mọ bí òkúta ilẹ̀ wọn ṣe le tó. Ọ̀pá Ọ̀rányàn tó dúró ní Mọ̀pá, tó ga ju mítà 5 lọ, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára, òkúta gíránáítì líle ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ.

Ìdí tí a kò fi rí fọ́sììlì ní Ifẹ̀

Ẹni tó bá gbọ́ pé òkúta yìí ti pẹ́ tó báyìí lè béèrè pé: kí ló dé tí a kò rí àwòrán ohun abẹ̀mí ìgbàanì kankan nínú rẹ̀? Wọ́n ti rí egungun àti ìkarahun tó di òkúta ní Ṣókótó, ní Gòmbè, ní Èwékorò. Kí ló dé tí Ifẹ̀ kò ní?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òkúta Ifẹ̀ ti jìyà jù. Láti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà, ilẹ̀ náà kún fún òkúta tó jẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi nígbà kan, àti òmíràn tó jẹ́ èyí tí òkè oníná tú jáde. Òkúta dúdú agbègbè Ìtagunmọ́dì wà lára irú kejì yìí, wúrà tí àwọn awakùsà sì ń wá kiri ní Ìpérindó wà nínú àlàfo àwọn òkúta àtijọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ kan fi agbára kọlu òmíràn ní apá ibi tí a ń pè ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lónìí. Òkúta tó wà lókè wọlẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ó gbóná, ó rọ̀, ó yí po, ó tún padà le. Bí ẹ̀dá kan bá ti kú sínú ẹrẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, àmì rẹ̀ ti run ráúráú.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé nígbà tí òkúta Mayfair ṣì wà lọ́mọdé gbọ́dọ̀ wá ibi tí òkúta ti pẹ́ ṣùgbọ́n tí iná abẹ́ ilẹ̀ kò jó o púpọ̀. Irú ibẹ̀ kò wọ́pọ̀ láyé. Áfíríkà sì ní tirẹ̀ níbẹ̀: Gúúsù Áfíríkà, Gabon, Mauritania àti Namibia.

Omi ló kọ́kọ́ wà

Ayé wa ti tó bílíọ̀nù 4.54 ọdún. Àwọn onímọ̀ pín ìtàn rẹ̀ sí sànmánì ńláńlá mẹ́rin. Hadean ni àkọ́kọ́, ìgbà iná àti òkúta yíyọ́, tó parí ní bílíọ̀nù 4 ọdún sẹ́yìn. Archean tẹ̀ lé e títí di bílíọ̀nù 2.5. Proterozoic ni ìkẹta, òun ló gùn jù, inú rẹ̀ sì ni òkúta Ifẹ̀ bọ́ sí. Èyí tó kẹ́yìn, Phanerozoic, bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 539 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òun la ṣì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí iná Hadean rọlẹ̀, omi ló gba ibi púpọ̀ jù lórí ilẹ̀ ayé. Ọmọ Ifẹ̀ tó bá gbọ́ èyí kò ní yanu. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé omi ni gbogbo rẹ̀ kí adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó tan iyẹ̀pẹ̀ ká. Ibi tí àwọn onímọ̀ ti ya ọ̀nà tiwọn ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́: wọ́n ní afẹ́fẹ́ ìgbà náà kò ṣe é mí. Náítírójìn àti kábọ́ọ̀nù dáíọ́sáìdì ló kún inú rẹ̀; ọ́síjìn kò sí níbẹ̀ ju orúkọ lọ. Bí a bá gbé ènìyàn tòní síbẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi kú.

Ní ìlà oòrùn Gúúsù Áfíríkà, lẹ́bàá ààlà ilẹ̀ Eswatini, àwọn òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Barberton Makhonjwa. Òkúta wọn ti tó bílíọ̀nù 3.2 sí bílíọ̀nù 3.6 ọdún, síbẹ̀ ooru abẹ́ ilẹ̀ kò bà wọ́n jẹ́ tán. Ní 2018, àjọ UNESCO fi wọ́n sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Nínú iyanrìn àtijọ́ tó di òkúta níbẹ̀, àwọn onímọ̀ rí ìlà tín-ín-rín dúdú, èyí tó jẹ́ àmì ibi tí bakitéríà ti tẹ́ ara wọn bo etí òkun bí omi òkun ti ń wọlé tó sì ń jáde. Bílíọ̀nù 3.2 ọdún sẹ́yìn nìyẹn. Ní Pilbara, ní ìwọ̀ oòrùn Australia, wọ́n rí irú rẹ̀ tó ti lé ní bílíọ̀nù 3.4 ọdún.

Stromatolite ni wọ́n ń pe òkúta tí irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ wọn kò le láti yé ènìyàn. Bakitéríà tẹ́ ara wọn bo ìsàlẹ̀ omi tí kò jìn, oje ara wọn sì ń lẹ̀ mọ́ iyanrìn tí omi gbé wá. Bí iyanrìn bá ti bò wọ́n, wọ́n á gòkè wá ìmọ́lẹ̀, wọ́n á tún tẹ́ ìpele mìíràn lé ti àkọ́kọ́. Lọ́dọọdún, ìpele ń gorí ìpele, títí yóò fi di òkìtì tí ọwọ́ lè gbá mú. Ní Shark Bay ní Australia, wọ́n ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà títí dòní, nítorí iyọ̀ omi ibẹ̀ pọ̀ jù fún ìgbín àti àwọn ẹ̀dá mìíràn tí ìbá jẹ wọ́n run.

Àwọn tó ṣe afẹ́fẹ́

Láàárín gbogbo àwọn ẹ̀dá kéékèèké yìí, ẹ̀yà kan wà tó yí ayé padà ju gbogbo ohun abẹ̀mí yòókù lọ. Sáyánóbakitéríà ni orúkọ wọn. Àwọn bakitéríà tó ṣáájú wọn mọ bí a ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n èròjà tí wọ́n ń lò kò pọ̀ láyé. Sáyánóbakitéríà kọ́ bí a ṣe ń lo omi. Wọ́n fi agbára oòrùn tú omi palẹ̀, wọ́n mú ohun tí wọ́n fẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì da ìyókù nù. Ìyókù tí wọ́n dànù yìí ni ọ́síjìn.

Fún ìgbà pípẹ́, ọ́síjìn náà kò ráyè dé afẹ́fẹ́. Irin tó yọ́ sínú omi ló kún inú òkun nígbà náà, bí ọ́síjìn bá sì ti jáde, irin á gbé e mì, á dípẹtà, á rì sísàlẹ̀. Ìpele irin pípọ́n àti ìpele òkúta funfun ń gorí ara wọn fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Irú òkúta onílà bẹ́ẹ̀ ló bí ọ̀pọ̀ jù nínú irin tí wọ́n ń wà láyé lónìí. Àwọn onímọ̀ ka irin Itakpe ní ìpínlẹ̀ Kogí, èyí tí ìjọba ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́ Ajaokuta, mọ́ ìdílé òkúta onílà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti rí ooru abẹ́ ilẹ̀ bíi ti Ifẹ̀.

Nígbà tó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 ọdún sẹ́yìn, ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀ sí í kún afẹ́fẹ́. Ìbùkún kọ́ ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó wà láyé nígbà náà, májèlé ni. Ẹ̀dá tí kò bá lè fara dà á kú, tàbí kó sá lọ sínú ẹrẹ̀ àti ìsàlẹ̀ omi níbi tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, nínú àbàtà àti nínú ikùn màlúù. Láti ìgbà náà ni irin tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń dípẹtà. Ilẹ̀ pupa tó ń ba bàtà ọmọléèwé jẹ́ ní Ifẹ̀ nígbà òjò, irin òkúta abẹ́ ilẹ̀ wa tó bá ọ́síjìn pàdé ló fún un ní àwọ̀ yẹn.

Ohun tí Gabon fi hàn

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ ọ́síjìn yìí ní apá wa kò jìnnà: Gabon ni. Ní 1972, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ yùréníọ̀mù kan ní ilẹ̀ Faransé ṣàkíyèsí pé èyí tó wá láti Oklo, lẹ́bàá Franceville, kò pé ìwọ̀n. Irú yùréníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 235, tó yẹ kó jẹ́ ìdá 0.720 nínú ọgọ́rùn-ún níbi gbogbo, jẹ́ 0.717 péré. Àléébù náà kéré, ṣùgbọ́n ní iṣẹ́ yùréníọ̀mù, kò sí ohun tó kéré; ẹnìkan lè ti jí díẹ̀ fi ṣe bọ́ǹbù. Wọ́n wádìí títí, wọ́n rí i pé kò sí olè. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ti lo yùréníọ̀mù náà. Ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, iná átọ́míìkì tàn lábẹ́ ilẹ̀ Oklo láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀, ó sì ń jó ó sì ń kú fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Kí ni èyí kàn nínú ọ̀rọ̀ bakitéríà? Yùréníọ̀mù kì í yọ́ dáadáa nínú omi tí kò ní ọ́síjìn. Kí ó tó lè kóra jọ sójú kan tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, omi tó ní ọ́síjìn ní láti kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ jáde nínú òkúta, kó gbé e wá síbẹ̀. Láìsí iṣẹ́ sáyánóbakitéríà, iná Oklo kì bá tàn.

Ohun kejì tí Gabon fi hàn tún ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 2008, Abderrazak El Albani, onímọ̀ jiọ́lọ́jì ọmọ ilẹ̀ Morocco tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Poitiers ní Faransé, ń yẹ òkúta dúdú Franceville wò. Ó rí ohun pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀ tó ní etí wínníwínní, tó sì tóbi tó ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Òkúta náà ti tó bílíọ̀nù 2.1 ọdún. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2010, wọ́n ní ẹ̀dá tó kóra jọ di ara kan ni, àti pé àwọn kan lára wọn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà: wọ́n ní èròjà inú òkúta lásán ló ṣe irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Bí ti El Albani bá jàre, a jẹ́ pé ẹ̀dá tí ojú lásán lè rí ti gbìyànjú láti dìde ní Áfíríkà ní 300 mílíọ̀nù ọdún kí òkúta Ifẹ̀ tó dì, tí ẹ̀dá náà sì tún pòórá.

Òkun aláwọ̀ òsùn

Lẹ́yìn Franceville, ayé rọ̀ wọ̀ọ̀. Láti bílíọ̀nù 1.8 ọdún sẹ́yìn títí di bíi mílíọ̀nù 800, ìyẹn láti ìgbà tí òkúta Mayfair ti dé, ìyípadà kò pọ̀ débi pé àwọn onímọ̀ kan ń fi sànmánì náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó súni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá kan ń lọ níkọ̀kọ̀. Ní àkókò kan, ẹ̀dá kan tó tóbi díẹ̀ gbé sáyánóbakitéríà mì, kò sì dà nínú rẹ̀. Ó ń gbé inú rẹ̀, ó ń bá a ṣe oúnjẹ, àwọn méjèèjì sì di ọ̀kan. Lynn Margulis, ọmọ Amẹ́ríkà, ló jà fún èrò yìí nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1967, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí. Lónìí, kò sí iléèwé tí wọn kì í ti fi kọ́ni. Àwọ̀ ewé tó wà lára kòkó, iṣu àti ewédú, ọmọ sáyánóbakitéríà tó há sínú wọn láti ìgbà náà ló ni ín.

Báwo ni òkun ìgbà náà ṣe rí? Ìdáhùn kan wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Àwọn tó ń wá epo rọ̀bì gbẹ́ ilẹ̀ Taoudeni ní Mauritania, wọ́n sì wa òkúta dúdú jáde tó ti tó bílíọ̀nù 1.1 ọdún. Ní yunifásítì ìjọba Australia ní Canberra, Nur Gueneli lọ òkúta náà kúnná, ó sì yọ èròjà inú rẹ̀ jáde. Omi tó jáde jẹ́ aláwọ̀ òsùn tó mọ́lẹ̀. Ní 2018, òun àti olùkọ́ rẹ̀ Jochen Brocks kéde pé àwọ̀ tó pẹ́ jù láyé ni wọ́n rí, ti àwọn ẹ̀dá tó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ. Sáyánóbakitéríà ló sì pọ̀ jù nínú òkun náà. Níbẹ̀ ni Brocks ti rí ìdí tí ẹranko fi pẹ́ dé: sáyánóbakitéríà kéré jù láti bọ́ ẹ̀dá ńlá. Kò sí oúnjẹ tó nípọn nínú òkun.

Yìnyín, òkè, àti ẹranko

Ìyípadà dé pẹ̀lú ìjìyà. Láti nǹkan bíi 717 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òtútù mú ayé débi pé yìnyín dé ilẹ̀ olóoru pàápàá. Ó yọ́, ó tún padà wá, kò sì parí títí di nǹkan bíi 635 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ní Namibia, Paul Hoffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí erùpẹ̀ tí yìnyín gbé wá, tí òkúta òkun gbígbóná sì dì lé e lórí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; ìwé tí wọ́n kọ ní 1998 ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́.

Bí yìnyín ti ń lọ, ilẹ̀ ń kọlu ilẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti padà kan Ifẹ̀. Ìkọlù tó jó òkúta wa yẹn náà ló gbé òkè ńlá dìde ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní 2014, Carlos Ganade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òkúta tó ti rìn jìnnà wọ abẹ́ ilẹ̀ ní Mali, Togo àti àríwá ìlà oòrùn Brazil hàn pé òkè kan ṣoṣo ni, tó gùn tó kìlómítà 2,500, nígbà tí Brazil àti Áfíríkà ṣì so pọ̀. Wọ́n ní ó ga bí àwọn òkè Himalaya ti òní. Òjò fọ òkè náà, ó sì kó èròjà aṣaralóore lọ sínú òkun. Ó ṣeé ṣe kí èròjà náà wà lára ohun tó bọ́ àwọn ẹ̀dá ńlá tó yọjú lẹ́yìn náà. Òkè fúnra rẹ̀ ti ṣàn lọ. Gbòǹgbò irú òkè bẹ́ẹ̀ ni òkúta tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí.

Àwọn ẹ̀dá tó yọjú náà ṣàjèjì. Ní 1908, àwọn onímọ̀ ará Jámánì méjì, Paul Range àti Hans Schneiderhöhn, rí àwòrán ohun tó jọ imọ̀ nínú òkúta gúúsù Namibia. Wọn kò mọ̀ pé ohun tó ṣáájú gbogbo ẹranko tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n dì mú. Rangea ni wọ́n wá pe ọ̀kan nínú wọn. Ní 1946, Reg Sprigg rí ẹgbẹ́ wọn ní òkè Ediacara ní Australia, orúkọ òkè náà sì ni àwọn onímọ̀ fi sọ sáà yẹn ní 2004. Wọn kò ní ẹnu tó hàn, wọn kò ní ẹsẹ̀, wọn kò ní egungun. Wọ́n kàn tẹ́ sílẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Ní Namibia kan náà, wọ́n rí Cloudina, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dá àkọ́kọ́ tó kọ́ ìkarahun sí ara rẹ̀, ní nǹkan bíi 550 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ihò wà lára ìkarahun àwọn kan. Ẹ̀dá kan ti ń jẹ ẹ̀dá kejì nìyẹn.

Ohun tó tẹ̀ lé e yára. Ní sáà Cambrian, ojú, ẹsẹ̀ àti eyín dé. Ewéko gun ilẹ̀ ní nǹkan bíi 470 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ẹja ẹlẹ́sẹ̀ tẹ̀ lé e ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 375. Àjálù 252 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wọn. Dinosaur jọba, wọ́n sì lọ ní mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn. Láàárín ìgbà yẹn, Brazil ya kúrò lára Áfíríkà, òkun sì wọ ilẹ̀ wa. Alángbá òkun Goronyosaurus nigeriensis, tí wọ́n wú egungun rẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣókótó, lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Òkun ló tún fi òkúta ẹfun Èwékorò sílẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń lọ̀ di sìmẹ́ńtì láti 1960. Ìkarahun ìgbín òkun àti akàn tó ti tó bíi 60 mílíọ̀nù ọdún wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ilé tí ẹ ń gbé ní díẹ̀ nínú ògiri rẹ̀.

Awọ dúdú ara òkè

Bí òkúta Ifẹ̀ kò bá ní fọ́sììlì nínú, kò túmọ̀ sí pé kò ní ẹ̀dá àtijọ́ lára. Ẹni tó bá gbójú sókè wo àwọn òkè olókùúta tó yí yunifásítì ká yóò rí i pé wọn kì í ṣe aláwọ̀ eérú bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Wọ́n dúdú. Ìlà dúdú ń ti orí wọn ṣàn wálẹ̀ níbi tí omi òjò máa ń gbà. Ọ̀pọ̀ rò pé ìdọ̀tí ni, tàbí èéfín igbó tí wọ́n jó. Òkè Ìdànrè àti Olúmọ náà rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ará Jámánì bíi Stefan Porembski àti Burkhard Büdel ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú òkè wọ̀nyí ní Côte d'Ivoire àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká. Wọ́n rí i pé awọ dúdú náà ń mí. Sáyánóbakitéríà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: Stigonema, Gloeocapsa, Scytonema. Àwọ̀ dúdú náà kì í ṣe ìdọ̀tí. Agbòòrùn ni, ó ń dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ ìtànṣán tó lè pa wọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkúta náà lè gbóná ju 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, gbogbo wọn á gbẹ káká, ènìyàn á rò pé wọ́n ti kú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi jí, tí wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oúnjẹ. Àwọn kan nínú wọn tún ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, èyí tí òjò ń fọ̀ lọ sí ẹsẹ̀ òkè láti bọ́ ewéko ibẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà níwájú wa. Òkúta tó ti tó bílíọ̀nù 1.8 ọdún, ẹ̀dá tí ìdílé rẹ̀ sì ti wà kí òkúta náà tó dì, wọ́n jọ wà lójú kan. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Oklo, tí wọ́n ṣe nínú òkun aláwọ̀ òsùn Mauritania, iṣẹ́ náà ni wọ́n ń ṣe lórí òkè Ifẹ̀ lónìí. Kò sí ilé àkójọ kankan tó lè fi ju bẹ́ẹ̀ hàn.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ọmọ Ifẹ̀ máa kọ́ ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ìwàláàyè láti inú àwòrán dinosaur ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Yunifásítì ní ẹ̀ka jiọ́lọ́jì, ó ní ilé àkójọ ohun àdáyébá, kò sì jìnnà sí Mayfair. Àwọn tó ń wa òkúta ẹfun ní ìpínlẹ̀ Ògùn lè fi ìkarahun àti egungun tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ dípò kí ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kúnná. Ní ti àwọn olùkọ́ bàọ́lọ́jì, iṣẹ́ tiwọn rọrùn jù. Lásìkò òjò, ẹ ní kí ọmọ kan fi ọ̀bẹ há ohun aláwọ̀ ewé dúdú díẹ̀ lára ògiri tó rin, tàbí níbi sìmẹ́ńtì tó máa ń yọ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i, kí ẹ gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù iléèwé, ní ìlọ́po 400. Ẹ jẹ́ kí gbogbo kíláàsì wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n rí fún wọn: ìdílé àwọn tó ṣe afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí.